Bí A Ṣe Ń Yan Hẹ́dífóònù fún Ọ̀rẹ́ Tí Ó Fẹ́ràn Orin

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí hẹ́dífóònù tí ẹ fẹ́ fi ta ọ̀rẹ́ yín lọ́rẹ, ẹ kọ́kọ́ fi ọgbọ́n wádìí ibi tí ó ti ń gbọ́ orin, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tí ó ń ti Sùúrùlérè wọ dáńfó lọ sí Marina láràárọ̀ kò nílò irú èyí tí ẹni tí ó ń jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Yábàá lálẹ́ nílò, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ fẹ́ràn orin bákan náà.

Àwọn hẹ́dífóònù kan wà tí ẹ̀yìn wọn dé pa, àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀ bí asẹ́. Ilé-iṣẹ́ Sennheiser ní Jámánì ni ó kọ́kọ́ gbé irú èyí tí ó ṣí sílẹ̀ jáde ní ọdún 1968, títí di òní olónìí ni àwọn tí ó mọ orin gbọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀, torí pé ohùn inú rẹ̀ ní àyè, ó ń dà bí ẹni pé àwọn olórin náà wà níwájú ẹni. Ṣùgbọ́n ihò tí ó fún ohùn ní àyè yẹn náà ni ariwo ìta ń gbà wọlé, ibẹ̀ sì ni orin ń gbà jáde sí etí ẹni tí ó bá jókòó tì yín. Ní ìlú Èkó, níbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti gbohùngbohùn ilé ìsìn kì í ti í fẹ́ sinmi, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé ni mo máa ń gba ènìyàn níyànjú láti rà, àfi bí ọ̀rẹ́ náà bá ní yàrá tí ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Bí owó bá gbé e, ẹ wo irú èyí tí ń pa ariwo. Máíkì kékeré inú rẹ̀ ni ó ń gbọ́ ariwo ìta, tí ẹ̀rọ náà á wá gbé ìgbì ohùn tí ó lòdì sí i jáde, tí àwọn méjèèjì á sì pa ara wọn rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀ lórí ariwo tí ó wúwo tí kì í yí padà, bíi ti jẹnẹrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ṣùgbọ́n ohùn kọ̀ńdọ́ tí ń pe “Ọ̀ṣọ́dì, Ọ̀ṣọ́dì” yóò ṣì wọlé díẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ tí mo kà sí jù ni pé kò ní sí ìdí fún ọ̀rẹ́ yín láti yí ohùn orin sókè kí ó lè borí ariwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn lè fi wákàtí 40 gbọ́ ohùn tí ó tó 80 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó) láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìléwu, ṣùgbọ́n tí ó bá ti di 90 dB, wákàtí 4 péré ni. Ẹ sì béèrè bóyá ó lè fi wáyà ṣiṣẹ́ nígbà tí bátìrì rẹ̀ bá kú, nítorí iná tiwa.

Dídán an wò ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ má gbà kí ọlọ́jà fi orin tirẹ̀ dán an wò fún yín, torí ó mọ èyí tí béèsì rẹ̀ máa ń dún gbì-gbì tí orí ẹni á fi wú. Orin jùjú àti àpàlà ni èmi máa ń gbé dání lórí fóònù mi. Ìyá ìlù ń fi ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹnu wa ṣe ń sọ ọ́. Bí béèsì hẹ́dífóònù bá pọ̀ jù, á bo ohùn ìsàlẹ̀ ìlù náà mọ́lẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ pé wọ́n ń lù ú, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ oríkì tí ó ń kì. Ẹ tún tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: ó yẹ kí ó máa ró bí ìgbà tí wọ́n ń da àgbàdo sínú igbá, kí ó má gún yín létí. Bí ó bá jẹ́ orin King Sunny Adé ni ẹ fi sí i, ẹ di ojú, kí ẹ ka àwọn gìtá inú rẹ̀; bí gìtá mẹ́ta bá dún bí ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn yín. “20 Hz sí 20,000 Hz” tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ kò ju ìwọ̀n tí etí ọ̀dọ́ tí ó jí pépé lè gbọ́ lọ, kò sì sọ bí ohùn náà ṣe dára tó. Èyí tí ó yẹ kí ẹ wò ni ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí hẹ́dífóònù ṣe ń dènà iná tí ń gbé ohùn wọ inú rẹ̀. Fóònù lè gbé èyí tí ó jẹ́ 32 láìsí wàhálà. Èyí tí ó bá tó 250 tàbí 300 yóò máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí kò bá sí àmúpìlífáyà, ẹ̀rọ tí ń fún ohùn lágbára. Ẹ wo fóònù ọ̀rẹ́ yín pẹ̀lú, torí iPhone kò ní ihò wáyà mọ́ láti ọdún 2016, ọ̀pọ̀ fóònù mìíràn sì ti tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ ronú nípa orí tí yóò gbé e. Ẹni tí ó máa ń di ṣùkú tàbí tí ó ń wé gèlè yóò nílò èyí tí apá tí ń gba orí kọjá lára rẹ̀ gùn tí ó sì rọ̀. Ẹni tí ó ń lo awò ojú kò gbọdọ̀ lo èyí tí ń fún ẹ̀bátí mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e sórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ooru ìsọ̀ náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Mo ra ọ̀kan fún àbúrò mi nígbà kan ní ìsọ̀ kan, páálí rẹ̀ ń dán, àmọ́ kí òjò ọdún náà tó dá, awọ tí wọ́n fi bo tìmùtìmù rẹ̀ ti ń bó, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí èédú, etí òsì hẹ́dífóònù náà sì ti dákẹ́. Ayédèrú ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yan èyí tí a lè pààrọ̀ tìmùtìmù rẹ̀, tí mo sì ń fi ọwọ́ rọra fa wáyà níbi tí ó ti wọ orí rẹ̀, kí n mọ̀ bóyá orin á já.

Bí ẹ bá ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá ọjà padà sára rìsíìtì. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ kún kí ẹ tó wé e. Ẹ tọ́jú rìsíìtì náà sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹ sì fi ara yín béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín kí ọjọ́ náà tó pé bóyá ó rọ̀ ọ́ létí, torí ojú lè tì í láti sọ fún yín pé ẹ̀bùn náà ń dun òun.