Mo Pààrọ̀ Ọ́ìlì Katakata Kékeré, Kò Gbérù Mọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti ìgbà tí àwọn katakata kékeré tokunbo láti Japan, Kubota, Yanmar, Iseki àti ẹgbẹ́ wọn, ti ń wọ oko wa, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì haidirọ́líìkì ni wọ́n ń bi mí jù. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹni tó ni irú ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ mọ̀. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọ́ìlì tó ń gbé apá ẹ̀yìn (ibi tí a ń so ohun ìtúlẹ̀ mọ́) sókè náà ló ń jẹ́ kí gíà máa yọ̀, inú rẹ̀ náà ni búréèkì ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ló sì sábà máa ń yí sítíárìn. Sọ́ńpù kan ṣoṣo, ìyẹn àpótí tí ọ́ìlì ń kó jọ sí, ni gbogbo wọn ń lò, láti abẹ́ ìjókòó awakọ̀ títí dé ẹ̀yìn. Bí ọ́ìlì yìí bá ní àrùn, ibi mẹ́rin ni àmì rẹ̀ lè ti yọ, ibi tí àmì bá sì ti yọ ni àwọn ènìyàn máa ń náwó sí. Mo ti rí pọ́ǹpù tí wọ́n tú sọ nù tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà katakata mi ní Sátidé. Kí n tó pààrọ̀ wọn, ó ń gbé ohun ìtúlẹ̀ dáadáa. Ní báyìí, tí mo bá fa lífà, apá ẹ̀yìn á kàn máa gbọ̀n, kò ní gòkè, ariwo burúkú sì ń dún lábẹ́ ìjókòó. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra pọ́ǹpù. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á, sà. Pọ́ǹpù tó gbé ohun ìtúlẹ̀ láàárọ̀ kì í kú nírọ̀lẹ́ nítorí pé wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí i. Afẹ́fẹ́ ló ń fà dípò ọ́ìlì, òun ló fi ń pariwo. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ná, torí ọ́ìlì yẹn kan náà ló ń mú kí inú pọ́ǹpù máa yọ̀. Bí ẹ bá ń fipá mú un ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn di òótọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo géèjì, ohun tí a fi ń mọ bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó nínú sọ́ńpù. Fílítà tuntun àti àwọn páìpù tó ti ṣófo máa gba tiwọn lára ọ́ìlì tí ẹ dà sí i ní kété tí ẹ bá ti sí ẹ́ńjìnnì, torí náà èyí tó kún nígbà tí ẹ dà á lè ti lọ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì kún, ẹ lọ sí ìdí fílítà.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Nínú ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ojú ọ̀nà tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì ni fílítà wà. Bí ìdí rẹ̀ kò bá dé dáadáa, ọ́ìlì kì í jáde síbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ọ́ìlì ti ń kán kò ní rí nǹkan kan, á sì ní ìdí fílítà dára. Ẹ tú u. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú irin tí fílítà ń jókòó lé, kí ẹ fi èékánná wá a yí ká. Ohun tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀ ni rọ́bà fílítà àtijọ́. Ó ti gbẹ, ó ti lẹ̀ mọ́ irin, àwọ̀ òun àti irin ti di ọ̀kan, èékánná nìkan ló máa fi hàn yín pé nǹkan wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú fílítà àtijọ́ kúrò, rọ́bà kò bá a wá. Wọ́n wá gbé fílítà tuntun pẹ̀lú rọ́bà tirẹ̀ lé e lórí. Rọ́bà méjì kì í jókòó lé ara wọn kó má fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹ ṣí èyí tó gbẹ kúrò, ẹ nu ojú irin mọ́, ẹ fi ọ́ìlì tó mọ́ pa rọ́bà tuntun lára, ẹ fi ọwọ́ dè é. Tí rọ́bà bá ti kan irin, ẹ tún yí i díẹ̀ bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fílítà náà bá ṣe wí, ó tán. Sípánà fílítà wà fún títú, kì í ṣe fún dídè.

Àwọn Yanmar àtijọ́ kan kò ní irú fílítà bẹ́ẹ̀, asẹ́ irin ni wọ́n ní, tí a lè fọ̀ tí a óò sì dá padà. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i láti inú síta, kí ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà tó wà ní ìdérí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọ asẹ́ tán, rọ́bà tó ti gé náà ni wọ́n tún ń dá padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sí ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó rọra máa ṣiṣẹ́, ẹ má mú eré rẹ̀ lọ sókè, kí nǹkan kan má sì wà lára apá ẹ̀yìn. Ẹ yí sítíárìn sí ọ̀tún títí dé òpin, kí ẹ yí i sí òsì. Ẹ gbé lífà sókè díẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ pa á. Ẹ tú ìdè páìpù tó wọ pọ́ǹpù díẹ̀ títí ọ́ìlì á fi yọ níbẹ̀, ẹ dè é padà, ẹ tún gbìyànjú. Tó bá ti gbérù, ẹ pa á, ẹ wo géèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ da èyí tó dín kún un.

Bí gbogbo èyí kò bá tán ariwo náà, ẹ wá ẹni tó ní géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì. Ẹni tí kò bá tíì fi géèjì wọ̀n ọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún yín pé pọ́ǹpù ti kú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì tó wà nínú tèmi ti funfun bí ògì. Ẹnì kan ní afẹ́fẹ́ ni, ẹlòmíràn ní omi ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ fa díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ gbé e kalẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, ìfófòó á ti lọ, ọ́ìlì á ti mọ́ padà. Bó bá jẹ́ omi, á ṣì ṣú síbẹ̀, tàbí kí omi ti jókòó sísàlẹ̀ ìgò. Ẹni tí kò lè dúró di àárọ̀ lè kán ọ́ìlì náà sórí irin gbígbóná: bí omi bá wà nínú rẹ̀, á ta ṣàṣà.

Omi ni mo fura sí. Katakata tó sùn sínú òjò lóko láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá kò lè ṣàì mu omi bí rọ́bà tó bo ẹsẹ̀ lífà gíà bá ti ya. Ẹ wo rọ́bà yẹn, ẹ wo ibi tí sọ́ńpù ti ń mí, kí ẹ sì bi ọmọ tó ń fọ katakata bóyá ó ń fi omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára sí ibẹ̀. Kódà láìsí òjò, sọ́ńpù tó gbóná lọ́sàn-án tó sì tutù lóru máa ń kó ìrì jọ sínú ara rẹ̀, pàápàá katakata tí wọ́n kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ dí ibi tí omi ń gbà wọlé ná, torí bí ẹ kò bá dí i, ọ́ìlì tuntun náà á tún di ògì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wa katakata náà kó gbóná díẹ̀, ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ fi fílítà tuntun sí i, ẹ da ọ́ìlì mìíràn sí i, ẹ lò ó bíi ìdajì wákàtí, kí ẹ tún da ìyẹn nù kúrò pátápátá. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni. Àmọ́ omi tó kù sínú igun sọ́ńpù ló ń mú kí bíárìn dípẹtà, bíárìn katakata kì í sì í ṣe ohun tí ẹ máa rí rà ní gbogbo ọjà. Ẹ má ṣe lo fílítà àtijọ́ fún ìdajì wákàtí yẹn o: pépà inú rẹ̀ ti mu omi, ó ti wú, ó lè máà jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá.

Ìbéèrè: Ẹni tó ń ta ọ́ìlì ní SAE 40 ló dára jù. Aládùúgbò mi ní haidirọ́líìkì 68 tí wọ́n ń rọ sí katapílà ni òun ń lò. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó tọ́ nínú méjèèjì. SAE 40 ti ki jù. Pọ́ǹpù á máa tiraka láti fà á, pàápàá láàárọ̀ tí ẹ̀rọ tutù. Haidirọ́líìkì 68 dára fún katapílà nítorí pé ohun tó ń gbé irin sókè nínú rẹ̀ kò bá gíà pín ọ́ìlì. Nínú katakata kékeré, gíà wà níbẹ̀, búréèkì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́ìlì sì wà níbẹ̀. Kò sí èròjà tó ń dáàbò bo ìwọ̀nyí nínú 68. Bí búréèkì yín bá bẹ̀rẹ̀ sí ké tàbí kó máa gbọ̀n lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, irú ọ́ìlì tí ẹ lò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ohun tí ẹ máa bèèrè ni ọ́ìlì tí wọ́n kọ UTTO sí lára, ìyẹn ọ́ìlì katakata tó wà fún gíà, haidirọ́líìkì àti búréèkì pa pọ̀. Ti Kubota ń jẹ́ UDT tàbí Super UDT2, ti John Deere ń jẹ́ Hy-Gard, àmì J20C, tó jẹ́ ìlànà John Deere, sì máa ń wà lára ọ̀pọ̀ èyí tó bá a mu. Ẹ ka ara kẹ́ẹ̀gì fúnra yín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Fún ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra fún kẹ́ẹ̀gì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 303 sí. Láyé àtijọ́, òróró ẹja àbùùbùtán wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ́ìlì 303. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fòfin de òróró yẹn ní nǹkan bí ọdún 1970 síwájú, orúkọ náà kù nílẹ̀ láìsí ilé iṣẹ́ katakata kankan tó tún ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìwé ní lítà 25 ni ọ́ìlì tèmi. Èyí tí mo dà jáde kò tó 20, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tó ń jò.

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lẹ tú. Ẹ wólẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa: ọ̀pọ̀ ní nọ́ọ̀tì lábẹ́ gíà, òmíràn lábẹ́ àpótí ẹ̀yìn, àwọn kan sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá táyà ńlá lọ́tùn-ún àti lósì. Díẹ̀ á ṣì kù nínú sílíńdà àti páìpù, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má da lítà 25 lé e lórí nítorí pé ìwé wí bẹ́ẹ̀, torí ọ́ìlì tó pọ̀ jù máa ń fófòó. Géèjì ni kí ẹ tẹ̀ lé, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí apá ẹ̀yìn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú wà nílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì ti kú. Ẹni tó wo géèjì nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lókè á rò pé ọ́ìlì ti dín, nígbà tó jẹ́ pé inú sílíńdà ló wà. Nínú èyí tó ń fi táyà mẹ́rin wọ́, ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì áásù iwájú.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kí n máa pààrọ̀ rẹ̀? Èdè Japan ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wà lára tèmi.

Ìdáhùn: Ìwé Kubota fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré rẹ̀ ní kí a pààrọ̀ fílítà ní wákàtí 50 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní gbogbo wákàtí 200, kí a sì pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 400. Ìyẹn jẹ́ fún katakata tuntun. Fún tokunbo, ẹ má gba ohun tí mítà ń sọ gbọ́. Ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkà tiyín: ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ kí ẹ tó fi túlẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń fi pẹ́dà lọ síwájú àti sẹ́yìn láìyan gíà, ẹ má fi fílítà jáfara, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lè fara da ìdọ̀tí.

Nígbà tí ẹ bá tú fílítà, ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nídìí rẹ̀, bó bá ní. Ẹ nu ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn sórí aṣọ funfun, kí ẹ fi ìka méjì ra á. Bó bá dúdú tó sì kúnná tí ìka kò mọ ọ́n lára, gíà ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ ni. Bí ìka bá kan irin tó mú tàbí èyí tó ń dán tí ẹ lè fi ojú kà, ẹ má tíì túlẹ̀. Ẹ gbé aṣọ náà lọ han ẹni tó mọ gíà.

Ìbéèrè: Tèmi gòkè, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ṣé ọ́ìlì náà ni?

Ìdáhùn: Rárá. Kọ́ọ̀bù kan wà nísàlẹ̀ ìjókòó níwájú tó ń pinnu bí apá ẹ̀yìn ṣe máa yára sọ̀kalẹ̀ tó. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti dì í pa. Ẹ jìnnà sí abẹ́ ohun tó gbé sókè, kí ẹ sì rọra tú u.

Ìbéèrè: Hóòsì kan ń fín ọ́ìlì, ṣùgbọ́n mi ò rí ojú ihò rẹ̀. Ṣé kí n fi ọwọ́ wá a?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe é láéláé. Ọ́ìlì tó ń gba ihò abẹ́rẹ́ jáde níbẹ̀ lágbára tó láti gún awọ ara wọlé. Ojú rẹ̀ kì í ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ó sì lè máà dun ènìyàn lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹran ara inú ibẹ̀ á ti máa kú. Páálí tàbí pákó ni kí ẹ nà sí i, ọ́ìlì á hàn lára rẹ̀. Kí ẹ tó tú hóòsì náà, ẹ sọ gbogbo ohun tó wà lókè kalẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì ti lífà síwá sẹ́yìn kí agbára inú rẹ̀ lè tán. Bó bá ti gún ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọ́ìlì ló wọ ara rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n da ọ́ìlì kọ́ndẹ́ẹ̀mù náà sí?

Ìdáhùn: Ẹ rọ ọ́ padà sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e, ẹ gbé e jìnnà sí kànga àti odò. Àwọn tó ń ra ọ́ìlì kọ́ndẹ́ẹ̀mù wà ní ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì. Ẹ má da omi tàbí pẹtiróòlù mọ́ ọn, torí wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ yín mọ́.