Hard disk wa kò kú: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ Tomcat ní Ìkòròdú

₦68,000 ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fi ra hard disk tí a kò nílò. Owó iṣẹ́ ọwọ́ kò sí nínú ẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ ni owó ọkọ̀ ẹni tó lọ rà á wá láti Computer Village ní Ìkẹjà kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi, torí pé ìlà méjì péré nínú fáìlì kan ló parí ọ̀rọ̀ náà, ìlà méjì ọ̀hún kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Èmi ni mo ń bá ẹgbẹ́ náà mójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Ọ́fíìsì wa kò jìnnà sí Ìta-Ẹlẹ́wà. Inú yàrá kótópó kan lẹ́yìn tábìlì akápò ni sáfà wà, òun àti ínfátà ni wọ́n jọ ń gba atẹ́gùn fáànù kan ṣoṣo. Orí rẹ̀ ni ètò tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń wo owó tí wọ́n dá àti èyí tí wọ́n yá. Java ni wọ́n fi kọ ọ́, Tomcat, ìyẹn ètò tó ń gbé ètò Java síta kí èèyàn lè ṣí i láti orí fóònù, ló sì ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti sanwó sí báǹkì, á fi fóònù ya àwòrán tẹ́là, á fi ránṣẹ́, àwòrán náà á sì bọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ /srv/teller. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Ubuntu 18.04 (irú Linux kan, òun ló ń darí sáfà) láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àtìlẹyìn gbogboogbò fún 18.04 ti parí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, mi ò sì fẹ́ kí àkọsílẹ̀ owó àwọn oníṣòwò Sábó máa gbé lórí nǹkan tí kò sẹ́ni tó ń dí ihò ara rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lọ sórí 22.04.

Gbígbé tí mo gbé e kò le, mi ò sì ní fi ṣòfò àkókò yín. Ẹ ṣe backup, ẹ fi Ubuntu tuntun sí i, ẹ dá database padà, ẹ gbé WAR, ìyẹn fáìlì tí wọ́n di ètò Java sí, síbi tó yẹ. Ẹni tó ti fọwọ́ kan Tomcat rí mọ gbogbo ìyẹn. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ètò yín bá ti pẹ́, ẹ má tíì sáré lọ sí 24.04. Tomcat 10 ló wà níbẹ̀, Tomcat 10 sì ti kúrò ní javax, orúkọ tí àwọn ètò àtijọ́ fi ń pe irinṣẹ́ Java wọn, ó ti bọ́ sí jakarta. Ètò àtijọ́ ò ní gbà fún un àfi tí wọ́n bá tún un ṣe. Tomcat 9 ló wà lórí 22.04, tiwa sì ṣí wéré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan fàǹda kiri ọ́fíìsì.

Alhaja akápò ló kọ́kọ́ pè mí. "Ọmọ mi, àwọn èèyàn ní àwọn ti sanwó, mi ò rí tẹ́là ẹnì kankan o. Kí ló dé?" Mo wọ inú log lọ, ìyẹn fáìlì tí ètò ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sí, mo bá "Permission denied" níbẹ̀: kò ní àṣẹ. Ìyẹn ò tó nǹkan. Orúkọ tí Tomcat 8 fi ń ṣiṣẹ́ lórí 18.04 ni tomcat8, ti Tomcat 9 sì ni tomcat lásán. Ẹni tó ni fódà náà tẹ́lẹ̀ kò sí lórí ẹ̀rọ mọ́ nìyẹn. Mo wá sọ fódà náà di ti tomcat:

sudo chown -R tomcat:tomcat /srv/teller

Mo ní kí Alhaja tún un gbìyànjú. Kò lọ. Mo padà sínú log, mo rí i pé ẹjọ́ ti yí padà. "Permission denied" ti lọ, "Read-only file system", ìyẹn ni pé kíkà nìkan ló wà fún, ló wá jókòó síbẹ̀. Ẹ wo ìlà yẹn dáadáa, torí òun ló kó wa sí gbèsè.

Alága wa kì í dúró de ọbẹ̀ kó hó. Mo ṣì ń ka log lọ́wọ́ tó ti fóònù oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó mọ̀. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú báàgì ńlá, ó bojú wo ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò tilẹ̀ jókòó. "Alága, hard disk yín ti kú. Ẹ jẹ́ ká tètè pààrọ̀ ẹ̀ kó tó kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín lọ."

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ibi tó ti wá. Bí hard disk bá ń ṣe àṣìṣe, Linux lè ti gbogbo ẹ̀ pa sí kíkà nìkan, kò ní jẹ́ kí èèyàn kọ nǹkan sí i mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, igbe á kún inú dmesg, níbi tí Linux ti ń ròyìn ẹ̀rọ, database náà ò sì ní lè kọ ohunkóhun. Mo ṣí dmesg níwájú wọn, ó mọ́ tónítóní. Mo ní kí smartctl yẹ hard disk wò, ó ní PASSED. Mo fi hàn wọ́n pé database ń kọ nǹkan lọ ní tirẹ̀, lórí hard disk kan náà. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ọdún kẹwàá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí." Alága wò mí, ó wo báàgì ọkùnrin náà, ó sì gba báàgì gbọ́.

Wọ́n ra hard disk. Wọ́n kó gbogbo nǹkan sórí ẹ̀. Sáfà tàn, ètò ṣí, Alhaja fi àwòrán kan ránṣẹ́, "Read-only file system" tún jáde lákọtun. Oníṣẹ́ wa wá ní sáfà náà fúnra rẹ̀ ló ti gbó, pé ká ra òmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún Alága pé kó fún mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má sì tún ná owó.

Iná ò sí, orí ínfátà ni mo wà, mo sì ń ṣọ́ iná pupa tó wà lára ẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi orúkọ Tomcat dá fáìlì kan sínú fódà náà:

sudo -u tomcat touch /srv/teller/danwo

Ó gbà! Fáìlì wọlé, kò jà rárá. Mo tẹ mount, ó ní rw, ìyẹn ni pé a lè kà á, a sì lè kọ sí i. Mo fi WhatsApp béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí, gbogbo wọn ní "chmod 777", ìyẹn ni pé kí n fún gbogbo ayé láṣẹ lórí fódà náà. Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé 777 ni àgbo tó ń wo gbogbo àìsàn ni? Ọ̀rọ̀ àṣẹ kọ́ ló ń sọ mọ́, ó ní kíkà nìkan ni fódà náà wà fún. Mo yẹ AppArmor, ẹ̀ṣọ́ kan tó máa ń dí ètò lọ́nà lórí Ubuntu, wò, kò ní òfin kankan lórí Tomcat.

Èmi lè kọ. Orúkọ tomcat lè kọ bí mo bá yá a lò láti ìta. Tomcat tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni kò lè kọ. Mo wá ní, ó dáa, jẹ́ kí n wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rí:

grep ' / ' /proc/$(systemctl show -p MainPID --value tomcat9)/mounts

Ìlà tó jáde ní ro, ìyẹn kíkà nìkan. Hard disk kan náà tí mount ní rw lórí ẹ̀ ni Tomcat ń rí ní ro. Igbe tí mo ké mú kí ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé yọ orí lójú fèrèsé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí, mo ti mú olè.

Mo tẹ systemctl cat tomcat9 láti wo ìlànà tí systemd, ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ lórí Linux, fi ń tan Tomcat, mo bá a níbẹ̀: ProtectSystem=strict. Àwọn tó di Tomcat 9 fún Debian àti Ubuntu ló fi síbẹ̀ nítorí ààbò. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀rọ á di kíkà nìkan lójú Tomcat, àfi àwọn ibi tí wọ́n bá kọ sí ReadWritePaths: /etc/tomcat9/Catalina, /var/lib/tomcat9/webapps àti /var/log/tomcat9. Ó dà bí ayálégbé tí lánlọ́ọ̀dù ní kó máa wo gbogbo àgbàlá ṣùgbọ́n kó má sá aṣọ síbì kankan àyàfi ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Tomcat 8 tó wà lórí 18.04 kò ní ọgbà yìí, ìlànà àtijọ́ ni wọ́n fi ń tan òun. Ìdí nìyẹn tí fódà wa fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Ohun tí mo ṣe kò ju èyí lọ. Mo tẹ sudo systemctl edit tomcat9, mo sì kọ:

[Service]
ReadWritePaths=/srv/teller/

Ẹ kọ ọ́ sókè, kó wà ṣáájú ìlà tó sọ pé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ òun, dídànù ni. Ẹ fi pamọ́, ẹ wá tan Tomcat lákọtun pẹ̀lú sudo systemctl restart tomcat9. Mo fi àwòrán kan ránṣẹ́ láti orí fóònù mi. Ó wọlé, fìrì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìdáhùn náà wà lórí ẹ̀rọ wa látìgbà yìí wá, nínú /usr/share/doc/tomcat9/README.Debian. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ibẹ̀? Kí ló sì ṣe tí ẹ̀rọ ò lè sọ pé "systemd ló dí mi lọ́nà", tó jẹ́ pé ohun tó máa ń sọ nígbà tí hard disk bá ń kú ló tún ń sọ?

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ yọ ProtectSystem kúrò. Ẹ má yọ ọ́. Bí ẹnì kan bá ti ojú ètò yín wọlé lọ́jọ́ kan, ọgbà yẹn ni kò ní jẹ́ kó rí gbogbo ilé bà jẹ́. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ lọ kọ ọ́ sínú fáìlì tó wà ní /lib/systemd/system. Bí Tomcat bá gba àtúnṣe tuntun, ó lè pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ ní kí n kó tẹ́là sínú fódà ètò náà lábẹ́ webapps kí ọ̀rọ̀ parí. Àwọn wọ̀nyẹn ò tíì rí ọjọ́ tí wọ́n yọ WAR àtijọ́ kúrò tí Tomcat sì gbá fódà rẹ̀ lọ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé fódà tí ẹ kọ sí ReadWritePaths wà lóòótọ́. Bí kò bá sí, Tomcat kò ní tàn rárá, 226/NAMESPACE ni systemd á kọ sí yín lójú.

Mo rò pé mo ti bọ́, àfi ìgbà tí Alhaja tún pè pé òun ò rí ìròyìn owó oṣù. Inú /tmp ni ètò náà máa ń kó o sí, ibẹ̀ náà ni Alhaja ti máa ń mú un. Mo wo /tmp, kò sí nǹkan kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò jẹ́ kí Alága gbọ́. Mo padà sínú systemctl cat, mo bá PrivateTmp=yes: Tomcat ní /tmp tirẹ̀ lọ́tọ̀, inú fódà kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú systemd-private ló ń kó gbogbo ẹ̀ sí. Mo ṣe fódà /srv/iroyin, mo fi tomcat ṣe olówó rẹ̀, mo fi kún ReadWritePaths, mo sì yí ojú ọ̀nà náà padà nínú ètò. Kí iná tó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Alhaja ti tẹ ìròyìn oṣù méjèèjì tó ń wá jáde, ó sì ti ń béèrè bóyá mo lè jẹ́ kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi sí i.