Ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ò rí i: ìrírí mi

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni mò ń bá wọn ṣe lórí ìwé atúmọ̀ èdè kékeré kan tó wà fún kọ̀ǹpútà. Open source ni: kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá wù ú lè bá wọn tún un ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ "ọ̀rẹ́" síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀, ó ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ojú mi báyìí ni mo fi rí i.

Mo ní kí Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, bá mi ka méjèèjì. Lẹ́tà 3 lojú ń rí. Ó ka èyí tí mo tẹ̀ sí 5, ó ka ti inú ìwé sí 7! Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀ tàbí ẹ́. Àmì ohùn á dá dúró ni. Ní ti inú ìwé yẹn, àmì abẹ́ pàápàá dá dúró.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni kí n gé gbogbo àmì dànù. Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, inú mi dùn, mo fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń mójú tó ètò náà kì í ṣe Yorùbá, òun náà ò gbowó, ìgbà tó bá ti ibi iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ dé ló máa ń jókòó tì í. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: ṣé kò sí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé àmì nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Ara mi bù máṣọ. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: mo ti sọ gbogbo wọn di oko. Èmi tí mò ń sọ Yorùbá láti kékeré! Mo fẹ́ràn èdè náà, àmọ́ mi ò tíì mọ iṣẹ́ náà.

Mo padà sídìí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdánwò ni mo kọ́kọ́ kọ: ẹni tó bá wá ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rí ọkọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi unicodedata.normalize, irinṣẹ́ kan nínú Python, sọ ọ̀rọ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ Unicode tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, níbi tí a ń kó wọn pamọ́ sí àti níbi tí a ti ń wá wọn. Síbẹ̀ ìdánwò kan ò yege. Ìlà kékeré tó nàró ni wọ́n fi sábẹ́ lẹ́tà nínú àwọn àkọsílẹ̀ kan, kì í ṣe àmì roboto. Nínú Unicode, U+0329 ni nọ́ńbà ti ìlà, U+0323 ni ti roboto, NFC ò sì ní sọ wọ́n di ọ̀kan láéláé. Èmi ni mo kọ ìlà kóòdù tó ń yí i padà kó tó kan NFC.

Ìgbà mẹ́ta ni ẹni tó ń mójú tó ètò náà dá iṣẹ́ náà padà fún mi. Mi ò bínú. Lọ́dún 2024, ẹnì kan tó ti ń bá wọn tún xz, ètò open source tó ń fún fáìlì pọ̀, ṣe fún ohun tó lé lọ́dún méjì, tí wọ́n ti fọkàn tán, ló la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 rẹ̀. Andres Freund, ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà kan, ló tú u fó, torí ó ṣàkíyèsí pé SSH, ohun tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n fi wo iṣẹ́ tèmi náà.

Nígbà tí alámòójútó ètò wa gba iṣẹ́ mi wọlé, ó ní kí n máa bá òun yẹ iṣẹ́ tó bá kan àwọn èdè olóhùn wò. Èyí tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò níbẹ̀. Mo kọ̀wé sí ẹni náà: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ dán an wò."