Bí mo ṣe gbé Debian sórí sáfà tí kò ní ojú

Debian ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows. APU2, kọ̀ǹpútà kékeré tí PC Engines ṣe, ni sáfà náà. Kì í ṣe pé mi ò ní sikirínì o. Kò sí ihò tí wọn ì bá ti ki wáyà sikirínì bọ̀ ọ́ ni. Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni pé folti 12 ló ń lò, iná tó ń jẹ kò sì ju wáàtì 6 sí 12 lọ. Ẹni tó ń fi ínfátà gbé ẹ̀rọ mọ́jú á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ihò serial onípíìnì mẹ́sàn-án, ìyẹn ihò àtijọ́ tí ẹ̀rọ fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ síra wọn, nìkan ni ẹnu rẹ̀. Wáyà null-modem ni mo rà fún un, ìyẹn èyí tí okùn inú rẹ̀ gba ara wọn kọjá, kí ibi tí sáfà ti ń sọ̀rọ̀ lè bọ́ síbi tí láptọ́ọ̀pù ti ń gbọ́. Wáyà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kan ò ní jáde. Mo fi ohun tó ń sọ serial di USB sáàárín, mo sì tẹ àṣẹ yìí sórí láptọ́ọ̀pù (screen ni ètò tó ń gbé ọ̀rọ̀ orí wáyà wá sójú, ttyUSB0 ni orúkọ wáyà náà):

screen /dev/ttyUSB0 115200

115200 ni ìyára ọ̀rọ̀ wọn. Bí ti láptọ́ọ̀pù bá yàtọ̀, wúruwùru lásán lẹ ó rí.

Mo ti fi àṣẹ dd kọ netinst Debian 12, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń gbé Debian sórí ẹ̀rọ, sórí fláàṣì. Mo ki fláàṣì náà bọ sáfà, mo tanná sí i, mo tẹ F10 kí n lè yan ibi tó máa ti tàn, mo mú fláàṣì.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí ẹ̀rọ, ń bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa lórí wáyà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan kernel, ìyẹn ọkàn Debian. Tí ẹ bá kàn mú Install, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sì máa dá sọ̀rọ̀ sójú sikirínì tí kò sí. Mo tẹ Esc, `boot:` yọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó máa sọ̀rọ̀ sórí ttyS0, ìyẹn ihò serial náà:

install console=ttyS0,115200n8

Kò pẹ́ tó fi béèrè èdè tí mo fẹ́. Ìyókù ò yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà yòówù. Níbi yíyan dísíìkì, bó ṣe tóbi tó ni kí ẹ wò, torí fláàṣì náà lè máa jẹ́ sda, orúkọ tí ẹ lè rò pé ti dísíìkì inú sáfà ni. Mo yọ desktop kúrò, mo fi SSH server sílẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kéèyàn gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ sáfà.

Lẹ́yìn tó tún ara rẹ̀ tàn, `login:` jáde lórí wáyà kan náà. Mo yẹ /etc/default/grub, fáìlì tó ń sọ bí Debian á ṣe máa tàn, wò: Debian ti fúnra rẹ̀ kọ console yẹn síbẹ̀. Mo fi `ip a` wo àdírẹ́sì rẹ̀, mo sì gba SSH wọlé. Wáyà serial ṣì wà lára rẹ̀ o, torí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dàrú, SSH ò ní ríbi gbà.