Wákàtí mẹ́rin tẹlifíṣọ̀n lórí fóònù, 1GB péré

Iṣẹ́ tí mo gbé ka iwájú kò le: láti aago méje alẹ́ títí di aago mọ́kànlá, kí n wo ìròyìn lórí fóònù, kí 1GB tí mo rà má sì tán kí àkókò yẹn tó pé. TVC News àti Arise ló gba ìbẹ̀rẹ̀, ìròyìn aago mẹ́wàá ti Channels ló gba ìparí. Gbogbo wọn ló wà lórí YouTube tọ̀sántòru, kò sí owó ìkànnì kankan. Dátà nìkan ni ìnáwó ibẹ̀.

Ìṣirò ló ṣáájú. Bí 1Mbps (mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) bá ń wọlé fún wákàtí kan gbáko, 450MB ló jẹ. Ẹ pín mẹ́gábíìtì kan sí mẹ́jọ, ẹ ó rí kìlóbáìtì 125 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 3,600 ló sì wà nínú wákàtí. Ẹni tó bá ti mọ 450 yìí sórí, kò sí ẹni tó lè fi dátà tàn án jẹ mọ́. Nọ́ńbà tó ní p lẹ́yìn ló ń sọ bí àwòrán ṣe mọ́ tó: YouTube fúnra rẹ̀ sọ pé 360p ń fẹ́ 0.7Mbps, 480p ń fẹ́ 1.1, 720p ń fẹ́ 2.5, 1080p ń fẹ́ 5. Ní wákàtí kan, ìyẹn jẹ́ 315MB, 495MB, 1,125MB àti 2,250MB. Èmi, 250MB péré ló kàn mí ní wákàtí. 360p ti kọjá agbára mi, 240p ni ọwọ́ mi tó.

Fún ìròyìn, 240p tó. Ojú ẹni tó ń kàròyìn á hàn, ohùn rẹ̀ á já gaara. Àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní tó ń sáré lọ nísàlẹ̀ nìkan ni yóò ṣe bàìbàì. Bọ́ọ̀lù ni kí ẹ má dán an wò fún. Ẹ ó rí àwọn agbábọ́ọ̀lù, ẹ ò ní rí bọ́ọ̀lù.

Kí n tó tan ohunkóhun, mo kọ́kọ́ dí àwọn ihò tí dátà ń gbà jò. Nínú WhatsApp, mo wọ Settings, mo wọ Storage and data, mo yọ gbogbo àmì tó wà lábẹ́ When using mobile data, kí fọ́tò àti fídíò ẹgbẹ́ má máa dá wọlé. Nínú Play Store, mo gbé ìmúdójúìwọ̀n áàpù sí Over Wi-Fi only. Nínú YouTube fúnra rẹ̀, mo pa Playback in feeds, nítorí fídíò tó ń dá ṣeré bí èèyàn ṣe ń fa ojú ewé lọ sísàlẹ̀ náà ń jẹ dátà, bí kò tilẹ̀ pariwo. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ibi tí fóònù ti ń ka dátà, mo fi òdiwọ̀n 1GB sí i. Tó bá ti dé ibẹ̀, fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò ti ilẹ̀kùn.

Yíyan 240p ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí ètò bá ti ń lọ, ẹ tẹ àmì tó dà bí jíà lórí fídíò, ẹ tẹ Quality, ẹ tẹ Advanced, ẹ wá mú 240p. Ṣùgbọ́n fídíò yẹn nìkan ló máa ṣiṣẹ́ fún. Bí mo ṣe kúrò lórí TVC bọ́ sórí Arise, ó ti padà sí ohun tó wù ú. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ Settings, Video quality preferences, tí mo sì fi ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù sí Data saver, kó má baà fò lọ sókè kí ọwọ́ mi tó débẹ̀.

Nínú Settings YouTube yẹn kan náà, ní General, Enable stats for nerds wà níbẹ̀. Mo tàn án, mo padà sórí fídíò, mo mú Stats for nerds nínú àkójọ rẹ̀, àpótí dúdú kékeré kan sì yọ sórí àwòrán pẹ̀lú nọ́ńbà wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo Connection Speed níbẹ̀, wọ́n á sì rò pé iye tí fídíò ń jẹ nìyẹn. Irọ́ ni. Ìyẹn ń sọ bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe ń sáré tó ni. Ohun tó jẹ mí lógún ni iye tí fóònù kà fún YouTube: mo ń wò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kò sì gbọdọ̀ ju 41MB lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé 240p ti sá kúrò níbì kan.

Buffer Health ni ìlà kejì tó wúlò nínú àpótí yẹn. Iye ìṣẹ́jú àáyá fídíò tí fóònù ti kó pamọ́ dè yín ló ń kà. Ètò tó ń lọ lọ́wọ́ kì í jẹ́ kó pọ̀, nítorí ohun tí wọn ò tíì sọ lórí afẹ́fẹ́, kò sí bí fóònù ṣe máa kó o pamọ́. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á kọsẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà yẹn á wálẹ̀ sí òdo, àmì róbótó yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ dá fídíò dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì fọwọ́ kan LIVE. Àmì pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á di eérú, ẹ ó máa fi ìṣẹ́jú kan rìn lẹ́yìn ayé, ṣùgbọ́n fóònù á ti rí nǹkan kó pamọ́. Ta ló ń lé ìròyìn?

Ibi tí iṣẹ́ ti fẹ́ bàjẹ́ ni yàrá. Páànù ń dá ìgbì rédíò padà, 4G ń bọ́ sí 3G, 3G ń bọ́ sí E, ìyẹn 2G. Mo gbé fóònù kejì tí síìmù wà nínú rẹ̀ sójú fèrèsé, mo tan hotspot rẹ̀, mo fi sí 2.4GHz torí pé ó ń gba ara ògiri kọjá ju 5GHz lọ, mo wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù tí mo ń wò. Àwòrán já geere. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wo dátà: ó ti ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mo ní kí n ronú, mo rí i: fóònù tí mo ń wò kò mọ̀ pé dátà ni mo ń ná. Wi-Fi ló rí. Data saver tí mo tò fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù kò bá Wi-Fi wí, Play Store náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìmúdójúìwọ̀n tí mo ní kó dúró de Wi-Fi. Ẹni tó bá máa lo hotspot, kí ó wọ orúkọ Wi-Fi yẹn nínú Settings, kí ó wá Network usage, kí ó sì mú Treat as metered, kí fóònù lè máa kà á sí dátà tí à ń sanwó fún. Kí ó tún fi ti Wi-Fi nínú YouTube sí Data saver. Lórí fóònù ojú fèrèsé ni kí òdiwọ̀n 1GB náà wà, nítorí òun ló ń sanwó.

Ooru kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ bọ́ àpò ẹ̀yìn fóònù bí ẹ bá ń wò ó lórí ṣáájà, kí ẹ sì din ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò din ìmọ́lẹ̀ kù nígbà tí ara bá ń ta á. Okùn USB-C tó lọ sí HDMI, tí wọ́n fi ń gbé àwòrán fóònù lọ sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá, ẹ má kàn sáré rà á. Bí ihò USB fóònù yín kò bá gbé àwòrán jáde, okùn kankan kò lè bá a ṣe é, ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kì í sì í gbé e.

Ní aago mọ́kànlá, dátà ṣẹ́kù, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́kù.

Nǹkan tí mo ń fi ojú sọ́nà fún ni fóònù tí kò ní í jẹ dátà rárá láti gba tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe àlá. Kòríà Gúúsù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005, Japan tẹ̀ lé e ní 2006: àwọn ará Japan pín ìkànnì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 13, wọ́n fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ fún fóònù. Àwa náà ṣì rántí fóònù Ṣáínà tí wọ́n ń fa antẹ́nà rẹ̀ yọ bí ti rédíò. Ní báyìí, Íńdíà ń dán irú rẹ̀ wò, wọ́n ń pè é ní D2M (Direct-to-Mobile): ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n á fọ́n ètò láti orí òpó, fóònù á gbà á tààrà, láìsí síìmù.

Antẹ́nà ni wàhálà rẹ̀. Ìgbì 500MHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, antẹ́nà tó dáa fún un sì jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó odindi fóònù. Fún rédíò FM, okùn ẹ̀rọ etí la fi ń ṣe antẹ́nà, ìdí nìyẹn tí rédíò fóònù kì í fi í sọ̀rọ̀ bí okùn náà kò bá sí nínú ihò. Fóònù tuntun pọ̀ tí wọ́n ti dí ihò yẹn, Bluetooth kò sì lè ṣe antẹ́nà. Bí fóònù D2M bá dé ọjà wa lọ́jọ́ kan, kí n tó béèrè iye, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá ihò ẹ̀rọ etí ti padà wá.