Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ di wákàtí 4 yìí mú

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, sikiọ́rítì, àti ẹ̀yin tó ń tọ́jú arúgbó lókè òkun: ẹ yan wákàtí 4 kan tí ẹ ó máa fi sùn lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tàbí ọjọ́ ìsinmi. Ká ní aago 8 òwúrọ̀ sí aago 3 ọ̀sán lẹ ń sùn tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, lọ́jọ́ ìsinmi ẹ sùn láti aago 4 ìdájí títí di aago 12 ọ̀sán. Aago 8 sí 12 kò yẹ̀ níbẹ̀. Ara ènìyàn ní aago tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti àsìkò oorun ló ń tò ó. Tí a bá sùn lọ́sàn-án lónìí, tí a tún sùn lóru lọ́la, ọ̀nà á dàrú mọ́ ọn lójú, ìbínú òjijì àti àárẹ̀ ọkàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹ fi aṣọ tó nípọn dí fèrèsé. Ẹ kọ àsìkò oorun yín mọ́ ara ilẹ̀kùn, torí lójú àwọn ará ilé wa, ẹni tó bá wà nílé lọ́sàn-án kò níṣẹ́ lọ́wọ́, òun ni wọ́n máa rán lọ lọ ata. Ṣùgbọ́n tí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ oorun nìkan. Ẹ lọ rí dókítà.