Bí mo ṣe fi fóònù wọn igun ẹ̀kán omi lórí bakitéríà, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba owó mi

Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ló jẹ́ kí n kọ èyí. Project final year mi dá lórí ìdí tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, pàápàá àwọn neutrophil, fi máa ń gbé bakitéríà kan mì wéré tí òmíràn á sì máa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo nílò ẹ̀rọ tó ń wọn igun tí ẹ̀kán omi ń ṣe lójú nǹkan, dípátímẹ́ǹtì wa ò sì ní. Láàbù kan ní kí n kó sample wá, wọ́n gba owó oúnjẹ mi oṣù kan gbáko, wọ́n wá fún mi ní bébà tí nọ́ńbà méjì wà lórí ẹ̀. Nọ́ńbà lásán o! Kò sí fọ́tò, wọn ò sọ ìgbà tí wọ́n kán omi sí i, bakitéríà tó ní kápúsù, ìyẹn ẹ̀wù yíyọ̀ tó máa ń bo àwọn bakitéríà kan lára, àtèyí tí ò ní sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn kì í ṣàṣìṣe. Ta ló bá ẹ̀rọ wí?

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò le. Lórí ewé kókò, omi á ká jọ róbótó, igun ẹ̀ tóbi nìyẹn. Lórí gíláàsì tó mọ́, á tẹ́ pẹrẹsẹ, igun ẹ̀ kéré. Bakitéríà tí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ lé lórí, inú omi ló ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ló fẹ́ wá dé inú sẹ́ẹ̀lì? Van Oss àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Buffalo, Amẹ́ríkà, ló wọn èyí láyé ọdún 1970: neutrophil èèyàn wà ní nǹkan bíi dìgírì 18, bakitéríà tó bá ju ìyẹn lọ dáadáa máa ń di gbígbémì, èyí tí ò bá tó o máa ń bọ́. Kì í ṣe physics nìkan ló wà níbẹ̀ ṣá, sẹ́ẹ̀lì náà ń lo agbára ara ẹ̀. Àmọ́ Rhumbler ará Jámánì ti fi ẹ̀kán chloroform inú omi, tí ò ní ẹ̀mí kankan, hàn wá ní 1898: ó gbé okùn gíláàsì tí wọ́n fi shellac (irú fáníṣì kan) kùn mì, nígbà tí shellac yọ́ tán ó pọ gíláàsì jáde. Mo gbádùn ìyẹn ju project mi lọ.

Bí wọ́n ṣe ń gbin bakitéríà àti bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, ẹ ti mọ̀ yẹn. Staphylococcus epidermidis àti Klebsiella pneumoniae ni mo lò. Mo sẹ́ wọn sórí fítà 0.45 micron, tí ihò ara ẹ̀ kéré débi pé bakitéríà ò lè gbà á kọjá, títí ó fi nípọn, mo gbé e sórí agar, nǹkan tútù tó dì bíi jẹ́lì, kó má gbẹ, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ slide. Fóònù, lẹ́ńsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọn, tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn bébà funfun, ImageJ, software ọ̀fẹ́ tí mo fi wọn igun nínú fọ́tò, ó parí.

Gbígbẹ ló fẹ́ pa mí. Tẹ́ ẹ bá mú u látorí agar tẹ́ ẹ kán omi sí i lójú ẹsẹ̀, omi lẹ kán sórí omi, igun ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Tẹ́ ẹ bá ní sùúrù igun náà á máa gòkè, á dé ibì kan á dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ibẹ̀ ni nọ́ńbà gidi wà, torí omi tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ti lọ àmọ́ tinú wọn ṣì wà, tẹ́ ẹ bá wá jẹ́ kó pẹ́ jù, bakitéríà fúnra ẹ̀ á gbẹ, igun á tún kúrò níbi tó wà, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àkókò yẹn kì í dúró sójú kan! Lọ́jọ́ òjò kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Mo tan fáànù, ẹ̀gbẹ́ kan gbẹ ìkejì ò gbẹ, kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe wọ́n ti mú iná lọ. Kápúsù Klebsiella tún máa ń di omi mú, tiẹ̀ pẹ́ ju ti Staph lọ fíìfíì. Mo bá gé fítà sí wẹ́wẹ́, mo ń kán omi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, mo sì ń yà á sórí graph títí mo fi rí ibi tó ti tẹ́jú. Bakitéríà kọ̀ọ̀kan ló ní graph tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó fún láàbù, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi graph yẹn hàn yín.

Bó ṣe tẹ́jú tán, Staph wà lókè 18, Klebsiella wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Supervisor mi pe àwọn lẹ́kítọ̀ tó kù wá wò ó, ẹ ò rí mi lọ́jọ́ náà! Mo tún po Klebsiella mọ́ serum, ìyẹn omi tó máa ń ṣẹ́ kù tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì, torí nǹkan inú serum tí Wright àti Douglas sọ lórúkọ ní opsonin ní 1903 máa ń lẹ̀ mọ́ bakitéríà lára, igun ẹ̀ sì gòkè lóòótọ́. Ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn ẹ̀, kó má jẹ́ pé protein tó kàn dà sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ ń wọ̀n, kẹ́ ẹ sì ní serum míì tẹ́ ẹ ti gbé sí 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ lè fi wé e.

Nígbà defence, examiner tó wá láti ìta ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni neutrophil ṣe ń rí bakitéríà oníkápúsù gbé mì kí antibody, èròjà tí ara fi ń bá àrùn jà, tó dé. Mo ti ń retí ẹ̀! Mo ní Wood, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, àtàwọn tiẹ̀ ti fi pneumococcus, bakitéríà tó ní kápúsù tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, hàn ní 1946 pé sẹ́ẹ̀lì á há a mọ́ ara ẹ̀dọ̀fóró tàbí mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì míì kó tó gbé e mì. Lórí bébà fítà tí wọ́n fi omi rin, tó rí gbágungbàgun, ó ṣeé ṣe, àmọ́ lórí gíláàsì tó ń dán, ńṣe ló ń yọ̀ lọ. Ó mi orí, ó ṣí ìwé mi, ó wá ní kí ló dé tí nọ́ńbà ò sí lábẹ́ page kan.